Ahéré Igi Ìdáná Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá lónìí: woodshed. Ìwé atúmọ̀ èdè yóò wí fún yín pé ahéré tí a ń kó igi ìdáná sí ni. Ẹ má tíì pa ìwé náà dé.

Ní oko àwọn ará Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, yìnyín a máa bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Igi tútù kì í sì í jó, nítorí náà wọ́n kọ́ ahéré fún un lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ojú àlejò. Bí ọmọ bá ṣàìgbọràn, ibẹ̀ ni bàbá ń mú un lọ láti nà án. Pàṣán kò kúkú wọ́n níbẹ̀! Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà di ìbáwí. Ní 1981, David Stockman, tí ń bójú tó ètò ìnáwó ìjọba, sọ̀rọ̀ jù fún oníwèé ìròyìn kan. Ààrẹ Reagan pè é wá jẹun ọ̀sán. Nígbà tí ó jáde, ó fi ìpàdé náà wé ti ọmọ tí a mú lọ sí woodshed.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn olórin jazz, ọ̀rọ̀ iyì ni. Ẹni tí ó wà ní woodshed ti fara pamọ́, ó ń kọ́ ohun èlò orin rẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ti Charlie Parker. Kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní 1936, nígbà tí ó gbé fèrè saxophone rẹ̀ bọ́ sí agbo àwọn àgbà olórin ní Kansas City. Nígbà tí ó yá, orin dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Jo Jones tí ń lùlù yọ àwo idẹ kan lára ìlù rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà, gbàǹgàn! Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìyà ọjọ́ náà ju pàṣán lọ. Nígbà ooru 1937, ó bá ẹgbẹ́ olórin kan lọ sí òkè Ozarks, ó kó àwo orin Lester Young dání, ó sì ń fun ohun tí ó gbọ́ nínú wọn tọ̀sán tòru. Nígbà tí ó padà dé, ẹnu ya àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ti Sonny Rollins tún yàtọ̀, nítorí òkìkí rẹ̀ ti kàn ná. Aládùúgbò rẹ̀ kan lóyún, kò sì fẹ́ dà á láàmú. Láti 1959 títí di 1961, orí afárá Williamsburg ní New York ni ó ń lọ fun fèrè, ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá nísàlẹ̀. Kò sí igi, kò sí òrùlé, síbẹ̀ woodshed ni. Àwo orin tí ó gbé jáde lẹ́yìn náà, ní 1962, Afárá ni ó pè é.