Èèkù Ọ̀bẹ Ọdẹ àti Ìrọ̀rùn Ọwọ́



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ ni ó máa ń fi àtàǹpàkò tọ́ wò. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó bèèrè bí èèkù ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹran ni ojú ọ̀bẹ kàn. Èèkù ni ó kan ọwọ́, òun ni ó sì ń sọ bóyá iṣẹ́ yóò rọrùn tàbí ọwọ́ yóò bó.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ọdẹ ń wá ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí ilé àti mọ́tò ti gba ipò igbó. Ilẹ̀ oko ni agbègbè Agége tẹ́lẹ̀; ní 1907 ni Jacob Kẹ́hìndé Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olóko ńlá sílẹ̀ níbẹ̀. Lóde òní, ilé àti òpópónà ni ọ̀pọ̀ ẹni tí à ń pè ní ọdẹ ládùúgbò ń ṣọ́ lóru. Ṣùgbọ́n ní Oko-Ọba, ní Agége, ó ti pẹ́ tí àwọn alápatà ti ń fi ọ̀bẹ ṣe irú iṣẹ́ tí ọdẹ ń fi ṣe nínú igbó: dídúńbú, bíbó awọ àti kíkun ẹran. Ohun tí ó bá ni ọwọ́ ọdẹ lára, yóò ni ọwọ́ alápatà lára.

Ní ilé arọ, alágbẹ̀dẹ a máa fi irin síprìngì mọ́tò àtijọ́ rọ ọ̀bẹ. Yóò fa ìdí irin náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì fi gún igi tí a ti gbẹ́ sílẹ̀, kí irin gbígbóná náà lè jó ọ̀nà fún ara rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó ni ọ̀bẹ lè dúró níbẹ̀ kí wọ́n gbẹ́ èèkù náà mọ ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n kan náà ni ọlọ́wọ́ kékeré àti ọlọ́wọ́ ńlá yóò jọ mú.

Ní 1956, oníṣègùn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Napier, ṣàlàyé pé ọ̀nà pàtàkì méjì ni ọwọ́ ń gbà di nǹkan mú. Èkíní ni dídìmú pẹ̀lú agbára, nígbà tí ìka àti àtẹ́lẹwọ́ bá ká irinṣẹ́ mọ́ra. Èkejì ni dídìmú pẹ̀lú ọgbọ́n, nígbà tí orí ìka àti àtàǹpàkò bá ń darí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọdẹ nílò méjèèjì lórí ẹran kan ṣoṣo: agbára ni ó fi ń ya oríkèé, ọgbọ́n ni ó fi ń bó awọ kí ó má baà ya. Èèkù tí ó dára gbọ́dọ̀ gbà fún méjèèjì.

Ìwọ̀n ni ohun àkọ́kọ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2004 dábàá pé kí ìdábùú èèkù irinṣẹ́ alágbára wà láàrin íǹṣì 1¼ sí 2, kí gígùn rẹ̀ sì ju fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èèkù tí ó tínrín jù a máa tètè dá ọwọ́ lágara. Èyí tí ó kúrú jù a máa fi ìdí gún àárín àtẹ́lẹwọ́.

Ìrísí ni ìkejì. Èèkù róbótó a máa yí lọ́wọ́. Èyí tí ó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí kò rí róbótó bí ọsàn, a máa sọ fún ọwọ́, àní nínú òkùnkùn, ibi tí ojú ọ̀bẹ kọ sí.

Ààbò ni ìkẹta. Ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá a máa yọ̀. Bí iwájú èèkù kò bá ga díẹ̀ láti dá ìka dúró, ìka yóò yọ̀ lọ bá ojú ọ̀bẹ. Iṣan tí ń ká ìka kò jìnnà sí awọ. Bí ọ̀bẹ bá gé e, ìka náà lè má ká mọ́. Fún ẹni tí ọwọ́ ń bọ́, àdánù ńlá ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀ṣọ́ pe ìrọ̀rùn. Kòtò ìka tí a gbẹ́ sára èèkù a máa dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá bá kòtò náà mu, orí òkè àárín kòtò ni yóò máa fi ìka lé. Igi tí a dán ní ìwọ̀nba, tí kò sì ní ìṣó tí ó yọrí, sàn jù ú lọ. Ti alápatà tún yàtọ̀: igi a máa fa ẹ̀jẹ̀ mu, nítorí náà èèkù oníke tí ó ṣe é fọ̀ mọ́ ni ó yẹ ẹ́.

Àwọn olùkọ́ lè fi èyí ṣe ẹ̀kọ́ láìná owó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan di amọ̀ tútù mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú, kí wọ́n sì fi ojú ọwọ́ tí ó hàn wé ara wọn. Ojú wọn ni wọn yóò fi rí i pé ọwọ́ kò dọ́gba, àti pé a kò gbọdọ̀ gbàgbé ọlọ́wọ́ òsì.

Àwọn àgbà tún ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí èèkù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni agbára. Ìbéèrè tí ó kù fún àwùjọ nìyí: ta ni ó yẹ kí ó pinnu bí èèkù yóò ṣe rí, ẹni tí ń tà á ni, tàbí ẹni tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ mú un láti òwúrọ̀ di alẹ́?