Kí Àgbẹ̀ Má Jẹ Èbù Rẹ̀

 

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹnu awo kì í kan iṣu tuntun kí wọ́n tó fi bọ Ifá. Obì, orógbó, epo pupa, ẹ̀kọ àti adìẹ tó wà lójúbọ, oko ni gbogbo wọn ti wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni fún onísẹ̀ṣe.

Nàìjíríà ni ó ń kórè iṣu jù lọ lágbàáyé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbìn ín kì í rí jẹ bí ìlú bá le. Ní ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé Èkó àti Ògùn mọ́lé nítorí àrùn kòrónà, òfin yọ oúnjẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, tòmátì àti ẹ̀fọ́ sì jẹrà sóko. Ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, iye lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ náírà 200 kọjá náírà 480. Owó tí àgbẹ̀ ìbá fi ra ajílẹ̀, ọlọ́kọ̀ ni ó gbà á.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti dunni jù ni ti èbù. Lẹ́yìn ìkórè, àgbẹ̀ a máa ya apá kan nínú iṣu rẹ̀ sọ́tọ̀ fún gbígbìn. Bí ebi bá wọlé, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì dé, èbù yìí ni yóò tà tàbí kí ó sè é jẹ. Ìkórè àmọ́dún ti bá a lọ nìyẹn.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí. Wọ́n ń ṣe àáró láti bá ara wọn roko lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń bẹ ọ̀wẹ̀ fún iṣẹ́ tó ju agbára ẹnìkan lọ. Wọ́n ń dá èsúsú kí ẹnìkan lè rí owó tó jọjú gbà lẹ́ẹ̀kan. Kò sí èyí tó jẹ́ ìtọrẹ àánú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹni tó gbà lónìí ni yóò san lọ́la.

Ohun tí ọdún Ifá lè ṣe nìyí: kí ẹgbẹ́ awo kọ̀ọ̀kan dá owó iṣu ọdún tí ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì fi lé àgbẹ̀ àdúgbò lọ́wọ́ kí ó tó kọ ebè. Kí iye ọjà ọjọ́ ìkórè jẹ́ òṣùwọ̀n wọn, nítorí alágbàtà náà máa ń san owó ṣáájú, àmọ́ ìṣòro àgbẹ̀ ni ó fi ń rà á lọ́pọ̀. Bí òjò bá sì kọ̀, kí ẹgbẹ́ bá àgbẹ̀ pín àdánù náà.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹni tó ń lé ebi jáde fún gbogbo ìlú kò yẹ kó fi ebi sùn. Kí Ifá jẹ́ kí èbù hù, kí ilé yó, kí oko sì dára. Àṣẹ.