Ìka Wo Ló Ń Kú Mọ́ Yín Lọ́wọ́?

Al-Aziziyah ní Mẹ́kà níbí la wà. Ẹ má wo ojú mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóru. Màá jí kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, màá máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù, kó tó padà bọ̀ sípò. Ní wọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà la fi ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe fún aláìsàn. Tí mo bá délé, màá tún gbé láptọ́ọ̀pù lé itan lórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa gé fídíò tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí o, síbẹ̀ ìpara ni mo kọ́kọ́ ń fi ra á. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Ẹ wo ọrùn ọwọ́ yín lápá àtẹ́lẹwọ́. Ihò tóóró kan wà níbẹ̀. Iṣan mẹ́sàn-án tí a fi ń ká ìka kò ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, pẹ̀lú iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Tí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tàbí tí ibẹ̀ bá wú, iṣan ìmọ̀lára yẹn ló máa ń fún mọ́ àárín. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka ló máa ń kú. Tó bá jẹ́ ọmọńdinrín ni, ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bóyá ẹ̀ ń fi í ti tábìlì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òru? Torí a máa ń ká ọrùn ọwọ́ sùn láìmọ̀. Mo ra ìdè ọwọ́ tó ní pátákó pẹlẹbẹ nínú ní fàmásì, òun ni mo ń wọ̀ sùn. Láptọ́ọ̀pù ti kúrò lórí itan, ó ti wà lórí tábìlì tó bá ìgbọ̀nwọ́ mi dọ́gba. Mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ kékeré abẹ́ kíbọ́ọ̀dù wọlé, torí pé ṣe ló ń mú ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sókè. Mo fa máòsì súnmọ́ra. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ti dìde.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà ṣá. Oyún lè fà á, àtọ̀gbẹ lè fà á. Ẹ yẹ ṣúgà ara yín wò.

Arábìnrin kan wà ládùúgbò wa níbí tó máa ń fi kọ̀ǹpútà wá yàrá fún àwọn arìnrìn-àjò Hájì. Ọdún méjì ló fi ń sọ pé àárẹ̀ lásán ni. Ìgbà tó máa na ọwọ́ sí mi, ẹran ìdí àtàǹpàkò rẹ̀ ti rù. Kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ abẹ lè tú iṣan yẹn sílẹ̀, àmọ́ ẹran tó ti rù lè má padà tán. Tí kíkú náà bá ti ń wà tọ̀sán-tòru, tàbí tí ife ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà.

Tí ọwọ́ kan bá sì ṣàdédé kú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà o. Ẹ pe 997 lójú ẹsẹ̀, tó bá jẹ́ Saudi níbí lẹ wà.

Ìdè mi rèé. Ẹ jẹ́ n wọ̀ ọ́, kí n lọ sùn.