Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Lórí Òrùlé Yunifásítì

Kíkọ́ ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ sórí ilé tó ti wà nínú ọgbà yunifásítì jẹ́ ọ̀nà láti rí ilé láìra ilẹ̀. Òkè ló yí àárín ìlú Stuttgart ní Jámánì ká; ilẹ̀ òfìfo ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, owó ilé sì wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ coLLab ti yunifásítì HFT fi ya àwòrán ibùgbé onígi tí a óò gbé lé ọ̀kan lára ilé yunifásítì náà. Wọ́n kọ́ apá kan rẹ̀ fún ìdíje Solar Decathlon Europe, tó wáyé ní Wuppertal ní oṣù kẹfà ọdún 2022.

Ìwúwo ló le jù nínú ọ̀ràn yìí. Kọnkéré tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga wọn nǹkan bí 2,400 kìlógíráàmù. Igi spruce tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Yúróòpù kì í sábà tó 500. Ní Rotterdam, irin àti igi ni wọ́n fi gbé àjà 16 lé orí ilé ìtajà Ter Meulen àtijọ́. Ọdún 2012 ni wọ́n parí rẹ̀, De Karel Doorman lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ilé akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ńlá ni pé ilé àtijọ́ lè gbé ju bí a ti rò lọ.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wo àwòrán àtijọ́, kí ó gé díẹ̀ lára kọnkéré òpó lọ dán an wò, kí ó sì yẹ ìpìlẹ̀ wò. Òpó ló ń gbé ẹrù, kì í ṣe òrùlé. Nítorí náà, wọ́n máa ń tẹ́ ọ̀pá irin gbọọrọ láti orí òpó kan dé èkejì, kí yàrá tuntun lè jókòó lé irin náà. Àlàfo tó wà lábẹ́ irin ni páìpù omi àti wáyà iná ń gbà. Rọ́bà tí wọ́n fi sábẹ́ yàrá ló ń dín ìró ẹsẹ̀ tó ń dé kíláàsì tó wà nísàlẹ̀ kù.

Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń parí yàrá, tilé ìwẹ̀ tiwáyà. Kéréènì á wá gbé e sókè nígbà ìsinmi, ìdálọ́wọ́kọ́ ẹ̀kọ́ á sì kéré. Àǹfààní ńlá nìyí fún ọgbà ẹ̀kọ́.

Ti àyíká náà kò kéré. Símẹ́ǹtì nìkan ló ń fa nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́, nítorí náà ìpàdánù gidi ni wíwó ilé tó ṣì lágbára. Ẹgbẹ́ RoofKIT láti Karlsruhe, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Wuppertal yẹn, lo igi tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́. Wọn kò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́; ìṣó tí a ń yí wọlé, tí a sì lè yí jáde, ni wọ́n lò, kí igi náà lè tún wúlò lọ́jọ́ iwájú. Amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ògiri.

Ilé tí òpó àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá yege kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ilẹ̀ wọ́n tó. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì sanwó àyẹ̀wò yẹn kí wọ́n tó sanwó àwòrán.