Àgbá Dún ní Ìlọrin, Ìgbómìnà Pín sí Méjì

(Ìró dùndún. Kí ó rọlẹ̀ sábẹ́ ohùn.)

AṢÀLÀYÉ: 

Ọjọ́ 15 àti 16 oṣù Kejì ọdún 1897 ni àgbá ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, dún ní Ìlọrin. George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ náà, ló kó ogun náà ti Bídà bọ̀, tòun ti ìbọn Maxim. Iná jó ìlú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ 18, Ẹ́míà Súlémáánù ti fọwọ́ sí ìwé pé ilé-iṣẹ́ oníṣòwò ni yóò máa pàṣẹ, àti pé ibi tí wọ́n bá ní kí ààlà Ìlọrin àti ilẹ̀ abẹ́ Èkó gbà ni yóò gbà. Wọn kò pe Ìgbómìnà síbẹ̀. Ilẹ̀ wa ni ààlà ọ̀hún sì là kọjá: Ìlá Ọ̀ràngún bọ́ sápá gúúsù, Òmù-Àrán àti Ẹ̀sìẹ́ bọ́ sápá àríwá.

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn ogun náà á ní ọ̀rọ̀ sísọ ti kùnà tẹ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ìgbómìnà wà nínú Èkìtì Parapọ̀, ẹgbẹ́ tó bá Ìbàdàn jà nígbà ogun Kírìjì. Ta ló parí rẹ̀? Àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips, ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ láti ibùdó kan dé èkejì, títí wọ́n fi kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ní 1893 ẹ̀wẹ̀, Gómìnà Carter ti Èkó bá Ìlọrin àti Ìbàdàn sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì tú ibùdó ogun wọn ká. Lóòótọ́, ẹ̀rù ohun tí Òyìnbó fi ojú Ìjẹ̀bú rí ní 1892 wà lára wọn. Lóòótọ́ pẹ̀lú, àwọn balógun Ìlọrin dìtẹ̀ mọ́ Ẹ́míà Mọ́mà, tó fẹ́ àlàáfíà, ní 1895. Síbẹ̀, ẹni tó ní Maxim lọ́wọ́ kì í fẹ́ lo sùúrù tí Johnson lò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2003: àwọn olùyẹ̀wò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò sí i nígbà tí Amẹ́ríkà àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Ìráàkì.

(Ìró dùndún díẹ̀.)

Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi jà ní Ìlọrin. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ìgbìmọ̀ Willink, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kékeré, jókòó ní 1957 sí 1958, àwọn Yorùbá apá àríwá ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn padà sọ́dọ̀ ará wọn ní ìwọ̀-oòrùn. Wọn kò sún ààlà náà. Lónìí, Ìlá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òmù-Àrán wà ní Kwara.