Fáìlì Wo Ni Ká Kọ Ìwé Ìlò Sí?

 Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tó bá wù mí, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ irú fáìlì tó yẹ ká kọ ìwé ìlò sí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìtumọ̀

Ìwé ìlò ni ìwé tó ń kọ́ni bí a ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà ìgbékalẹ̀ ni irú fáìlì tí a kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àmì tó ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni àṣẹ tí a ó tẹ̀, èyí ni ìkìlọ̀. 

Ohun kan ni mo wá sọ: inú fáìlì tí ojú lásán lè kà ni kí ìwé ìlò wà, kí àmì inú rẹ̀ sì máa sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́, kó má kàn máa sọ bí yóò ṣe rí lójú.

Ìwé ìlò Unix

Ní Bell Labs, ní New Jersey, àwọn tó ń ṣe Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń wá owó láti ra kọ̀ǹpútà PDP-11. Ohun tí wọ́n fi tọrọ rẹ̀ ni pé àwọn yóò ṣe ètò ìtẹ̀wé fún ẹ̀ka tó ń gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣẹ̀dá. Iṣẹ́ ìwé kíkọ ló gba ẹ̀rọ fún wọn. Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1971 ló wà lára ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìlò Unix tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: orúkọ rẹ̀, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àlàyé, àwọn fáìlì tó ń lò, àti àbùkù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àbùkù! Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà fọwọ́ ara wọn kọ ibi tí iṣẹ́ wọn kù sí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síta. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ka orí yẹn ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún wọn.

Joseph Ossanna ṣe troff, ètò tó ń to ọ̀rọ̀ fún ìtẹ̀wé, ní ọdún 1973. Nígbà tó kú ní 1977, Brian Kernighan gba iṣẹ́ náà, ó tún un ṣe kó má bàa so mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo. Nígbà tí Unix ẹ̀dà keje jáde ní 1979, àmì tí a ṣì ń fi kọ ìwé ìlò rẹ̀ lónìí ti wà. Àmì ìdánudúró wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà, lẹ́tà S àti H tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àkọlé. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ kò ju pé, "orí tuntun rèé." Kò sọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, kò sọ àwọ̀. Ìdí nìyẹn tí fáìlì náà fi lọ láti orí bébà dé ojú kọ̀ǹpútà, tí nǹkan kan kò ṣe é. Lálẹ́ òní, ẹ jókòó sí kọ̀ǹpútà Linux, ẹ tẹ man, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ tẹ ls. Àwọn kan lára orí tí ẹ ó rí ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ẹ wá fi wé WinHelp, ọ̀nà ìgbékalẹ̀ ìwé ìlò tó bá Windows 3.0 dé ní 1990. Nígbà tí Windows Vista dé, wọn ò fi ètò tó ń ṣí i sínú rẹ̀ mọ́. Ìwé wà, ojú tí yóò kà á kò sí.

Àwọn tí èmi pẹ̀lú wọn kò tíì parí ìjà

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Word ti tó. Mo ti dá wọn lóhùn títí, n ó tún dá wọn lóhùn lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1998, èmi àti akọ̀wé kan jọ tẹ ìwé ìlò ètò tí wọ́n fi ń yáni níwèé ní ilé ìkàwé kan. Yorùbá la fi kọ ọ́, ojú-ìwé 64. Fọ́ǹtì tí a lò lé lẹ́tà àwọn ẹlòmíì kúrò nípò wọn, ó fi ẹ, ọ àti ṣ tiwa jókòó síbẹ̀. Lójú wa, ó dára. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo gbé dísìkì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ní fọ́ǹtì yẹn. Níbi tó yẹ kí n ti rí "ẹ̀dà", àmì owó òyìnbó ni mo rí. Èyí tó wà lórí bébà ni mo gbé kalẹ̀, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmì tó ń ṣe ojú nìkan ti ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Fáìlì docx tí Word ń lò lóde òní gba Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tirẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n àpò tí a dì ni. Tí ẹ bá kó o sí git, ètò tó ń tọ́jú ìyípadà inú fáìlì, git yóò sọ fún yín pé ó yí padà, kò ní fi ìlà tó yí padà hàn yín.

Àwọn kejì ni àwọn ti DocBook, tí HaL Computer Systems àti O'Reilly bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Àmì wọn ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo. Àwọn tó ń ṣe kánẹ́ẹ̀lì Linux bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sí reStructuredText tó fúyẹ́ jù ú lọ ní 2016, FreeBSD bọ́ sí AsciiDoc ní 2021. Ẹni tó kàn fẹ́ tún gbólóhùn kan ṣe, kò yẹ ká ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, Markdown tí John Gruber gbé jáde ní 2004 rọrùn, ṣùgbọ́n kò ní àmì fún ìkìlọ̀, kálukú wá ń dá tirẹ̀ sí i. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé fi oṣù mẹ́fà ṣe ètò kí ẹ fi alẹ́ ọjọ́ kan kọ ìwé rẹ̀.

Àmì ohùn

Ohun kan tún wà fún àwa tó ń kọ Yorùbá: ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode. Ẹ̀ kò ní. Àmì ohùn ló ń gun orí ẹ. Nítorí náà ọ̀nà púpọ̀ ni èèyàn lè gbà tẹ "ẹ̀rọ", kó rí bákan náà lójú, kí ẹni tó ń wá a nínú ìwé má sì rí i. Ẹ fi UTF-8 pa fáìlì mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà ní NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ gbogbo ọ̀nà yẹn di ọ̀kan.

Ìmọ̀ràn

 Fún ètò kékeré, Markdown tó. Fún ìwé tó nípọn, AsciiDoc tàbí reStructuredText. Fún àṣẹ orí ìlà, man. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí kóòdù wà. PDF wà fún títẹ̀ síta, kì í ṣe ibi ìkọ̀wé.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí fáìlì kan. Ẹ kọ orúkọ ètò yín, bí a ṣe ń lò ó, kí ẹ sì fi òótọ́ inú kọ àbùkù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.