Ọ̀rọ̀ Lórí Lílo Oògùn Apakòkòrò Níwọ̀ntúnwọ̀nsì Nínú Ilé Ìwòsàn



Bí aláìsàn bá dé ilé ìwòsàn, tí dókítà kò sì fún un ní oògùn apakòkòrò tí ó ń retí, a máa rò pé wọ́n fi oògùn dù òun. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ohun tí ó jọ ahun lè jẹ́ ààbò.

Nígbà tí pẹnisílìnì ṣì jẹ́ oògùn titun, Dókítà Mary Barber, tí ó ń ṣe àyẹ̀wò kòkòrò àìsàn níbẹ̀, kíyè sí kòkòrò kan tí ń fa oówo, tí ó sì ń mú egbò kẹ̀. Ní 1946, nínú 100 aláìsàn tí kòkòrò yìí bá jà, nǹkan bí 14 ni pẹnisílìnì kò lè pa kòkòrò ara wọn. Ní 1947, wọ́n di 38. Ní 1948, wọ́n di 59.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Oògùn a pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára. Àwọn díẹ̀ tí ó lè ba oògùn náà jẹ́ a là á já, wọn a sì máa bí sí i. Ọwọ́ àti aṣọ a wá gbé wọn láti ara aláìsàn kan dé ara òmíràn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà Barber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hammersmith fi òfin de lílo oògùn wọ̀nyí, wọ́n sì sapá láti dá ìtànkálẹ̀ kòkòrò dúró. Ní 1960, wọ́n kéde pé àwọn kòkòrò tí pẹnisílìnì kò lè pa ti dínkù níbẹ̀.

Lónìí, ewu náà kárí ayé. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé nǹkan bí 1,270,000 ènìyàn ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ pa ní 2019. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé pín àwọn oògùn apakòkòrò sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ó wà fún àìsàn tí ó wọ́pọ̀, èyí tí ó yẹ kí a máa ṣọ́, àti èyí tí a fi pamọ́ di ìgbà tí ìyókù bá kùnà.

Òfin yìí kò ní kí wọ́n fi oògùn du ẹni tí ó nílò rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún, kí ó lò ó bí wọ́n ti pàṣẹ. Ẹni tí dókítà bá ní kí ó dúró de àbájáde àyẹ̀wò, kí ẹbí rẹ̀ má ṣe fi agídí béèrè. Oògùn tí a kò fi ṣòfò lónìí ni yóò gba ẹlòmíràn là lọ́la.